Àpótí Omi Òkun Nengah Darsa

Odindi ọdún méjìlélógún ni Nengah Darsa fi ń wọ inú òkun níwájú abúlé wa ní àríwá erékùṣù Bali, tó ń fi àwọ̀n kékeré kó àwọn ẹja aláwọ̀ mèremère tí àwọn ará òkèèrè ń sìn nínú dígí. Kò sẹ́ni tó mọ ìwà ẹja bíi tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ránṣẹ́ sí oníṣòwò tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wa pé òun fẹ́ ẹja mẹ́fà tí kò ní bá ara wọn jà, Darsa ni wọ́n máa ń wá bi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Á ní, "Ẹ má kó èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn. Ìyẹn á jẹ ẹ́." Ó parí.

Ẹ̀rọ tí fokanáísà fi ń fẹ́ táyà ni àwọn apẹja wa máa ń gbé sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n á fi okùn rọ́bà gígùn mí láti ibẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà nísàlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, okùn Darsa já. Ibi tó wà jìn, ó sì sáré gòkè. Kí ọkọ̀ tó dé èbúté, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni nígbà náà. Dókítà sọ pé sísáré tó sáré gòkè ló jẹ́ kí afẹ́fẹ́ hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, pé ká gbé e lọ sílé.

Ọdún méjì ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì láìsọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Sriyati, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lọ sílé ọkọ ní erékùṣù mìíràn. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sriyati, nìkan ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Bó bá bi í pé kí ni yóò jẹ, á ní, "Ohun tó bá wà."

Arnawa ló gbé àpótí dígí kan wá, irú èyí tí wọ́n ń sin ẹja sí. Àbúrò Ìyá Sriyati ni, òun àti Darsa ló sì jọ máa ń wọ omi tẹ́lẹ̀. Àpótí náà ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oníṣòwò fẹ́ dà á nù, Arnawa sì fi gọ́ọ̀mù dí i. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nínú rẹ̀. Màá lọ mú un wá."

Darsa yí ojú sí ògiri. Ìyá Sriyati dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bí kò bá fẹ́, máa gbé e lọ, Arnawa. Tàbí kí n gbin ata sí i."

"Ata kẹ̀," ni Darsa wí.

Arnawa àti Ìyá Sriyati wo ara wọn. Darsa sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ẹja alámì funfun tó pọ́n bí ọsàn, mú méjì wá, ńlá kan, kékeré kan. Má mú méjì tó dọ́gba, wọ́n á máa jà títí ọ̀kan á fi kú. Tó bá jẹ́ ńlá àti kékeré, ńlá á di ìyàwó, kékeré á di ọkọ, ilé á tòrò."

"Ìyàwó ló tóbi jù?" Ìyá Sriyati béèrè.

"Ìyàwó lọ̀gá."

"Ẹja yẹn gbọ́n."

"Ṣé kí n mú òdòdó òkun tí wọ́n ń sùn sí, tí wọ́n ń sá sí, wá?" ni Arnawa wí.

"Rárá. Kò ní dúró lójú kan, á kú, á ba omi jẹ́. Wọ́n lè gbé láìsí i. Mú edé tó ń gbẹ́ ihò wá, èyí tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, pẹ̀lú ẹja kékeré tó máa ń ṣọ́nà fún un. Wọn ò gbọdọ̀ ya ara wọn. Mú ìgbín òkun mẹ́rin, kí wọ́n máa jẹ ewédò tó bá hù lára dígí, àti akàn méjì tó ń gbé inú ìkarahun. Kó ìkarahun òfìfo mìíràn wá fún akàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á pa ìgbín kí wọ́n lè gba ilé rẹ̀. Ó tó. Omi garawa mẹ́ta nìyí, kì í ṣe òkun."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é, wọ́n da yanrìn sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì to òkúta iyùn sí àárín. Ìyá Sriyati ń pọn omi láti etíkun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń gún edé àti ẹja lúbúlúbú fún oúnjẹ wọn. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, bó ti ń gbé òdòdó ẹbọ òòjọ́ síta fún àwọn òrìṣà, á gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti yàrá: "Wá wò ó, edé ti tún ilẹ̀kùn ṣe." Darsa ti ń béèrè ata sórí ìrẹsì.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé Darsa lọ sí ilé ìwòsàn nítorí egbò ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Arnawa ya ilé bá Ìyá Sriyati ní ọjọ́ kejì. Ẹja kan ṣoṣo tó rí mú lọ́jọ́ náà wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ń dán bí aró elésè àlùkò. Ó ti ń gbọ́ pé irú rẹ̀ máa ń bá ẹja mìíràn jà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé ohun kékeré báyìí, kí ló lè ṣe. Ìyá Sriyati náà fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ bá ohun tó rẹwà nílé. Wọ́n tú u sínú àpótí.

Ìgbà tí Darsa dé, ó kọ́kọ́ rí i kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán.

"Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá Sriyati," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó kéré."

"Gbogbo àpótí yìí ló máa pè ní ilé ara rẹ̀."

Ẹja aṣọ́nà ti kú lábẹ́ òkúta. Edé tó ń ṣọ́ fún jáde sí gbangba lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń fi ìwo rẹ̀ wá a kiri, ẹja elésè àlùkò sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ìyá Sriyati mú àwọ̀n. Bí àwọ̀n ti wọ omi, ẹja náà wọ inú ihò òkúta. Darsa na ọwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ìka rẹ̀ kàn dígí, kò lè gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹja yìí ló ti mú nísàlẹ̀ òkun láìṣe wọ́n léṣe.

"Ẹ sọ fún mi bí mo ṣe máa ṣe é," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Àfi ká kó gbogbo òkúta kúrò. Rọra. Má ru yanrìn sókè."

Ó rọra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkúta ńlá ìsàlẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó já lulẹ̀, ó sì tú yanrìn ká. Ìsàlẹ̀ yanrìn náà ti dúdú, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ sì gba yàrá. Omi di ẹrọ̀fọ̀, ó di májèlé. Ó mú ẹja elésè àlùkò, ó jù ú sínú abọ́, ó ń fò sókè sódò níbẹ̀. Kí ó tó pọn omi tuntun dé láti etíkun, edé ti kú, ẹja kékeré tó jẹ́ ọkọ ti kú. Ẹja ńlá tó jẹ́ ìyàwó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

Ìyá Sriyati jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi tó dà sílẹ̀. "Mo bà á jẹ́."

"Kì í ṣe ìwọ," ni Darsa wí. Ó sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, Arnawa wá kó àwọn tó kù lọ sínú òkun. Ó ní ìyàwó ẹja tó pọ́n bí ọsàn náà á rí àwọn ẹbí rẹ̀. Darsa mọ̀ pé ẹja náà kò ní òdòdó òkun tó máa sá sí mọ́, pé bóyá ló máa rí ọjọ́ kejì. Ó ní, "Ó dáa."

"Kí ni kí n mú wá báyìí, Ẹ̀gbọ́n? A ó tún un tò."

"Kò sí ẹja tí mo fẹ́."

Arnawa jókòó tì í.

"Ibo lẹ ń wọ̀ báyìí?" ni Darsa bi í.

"Mítà ogójì nísàlẹ̀. Ìtòsí òkè ò ní ẹja mọ́."

"Ẹ̀rọ wo lẹ ń lò?"

"Ẹ̀rọ táyà yẹn náà ni."

Kò sí ohun tí Darsa lè sọ nípa ewu ẹ̀rọ náà tí Arnawa kò mọ̀, àwọn ọmọ Arnawa sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ìyá Sriyati gbé ìrẹsì wọlé, ó bù ú sí abọ́ mẹ́ta, wọ́n sì jẹ ẹ́.