Ìwé Òkú Tí Mo Kà fún Màmá Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn ná. Ní gbogbo agbo ilé wa ní Ìrẹmọ, kò sí ẹlòmíràn tó lè mú ìwé òyìnbó dání kó máa sọ ọ́ jáde ní Yorùbá láìkọsẹ̀, bí ẹni ń sọ ìtàn ilé bàbá rẹ̀. Èmi nìkan ni. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, ẹnu mi sì mú. Àwọn tó tìtorí ìwé bínú sí mi lọ́dún yẹn ti gbà báyìí pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti lé gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ wá sílé, oṣù ń gorí oṣù. Ìyàwó olùkọ́ kan tí màmá mi máa ń ránṣọ fún fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú òyìnbó, torí owó oṣù ọkọ rẹ̀ ò tó jẹ mọ́. Kó tó lọ, ó gbé páálí ìwé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Ẹnuwá, ó ní, "Fún ọmọ yín tó ń kàwé." Nígbà tí mo tú u, ọ̀rọ̀ ikú ló kún inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń jókòó ti àwọn tó ń kú lọ ló kọ ọ̀kan. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú ló kọ òmíràn. Ìyá kan tó sin ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kọ ẹ̀kẹta. Mi ò mọ̀ bóyá obìnrin náà mọ ohun tó ń ṣe. Mo rò pé ó mọ̀ ọ́n, torí kò tíì pé oṣù márùn-ún tí ẹ̀gbọ́n mi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí màmá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe. Ibà dá a dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì la sin ín. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa: òkú ọ̀fọ̀ ni, kò sí pé à ń ránṣẹ́ pe ẹbí. Àwọn ọ̀dọ́ ló gbé e lọ kíákíá. Ìyá kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀ títí ayé. Èmi bá wọn lọ torí àbúrò ni mí. Nígbà tí a dé, Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé wa, kó wa jọ. Ó ní, "Ẹni tó bá jẹ́ kí obìnrin yìí mọ ibẹ̀, òun ló pa á." Bàbá tèmi ti kú tipẹ́, nítorí náà ohun tí Bàbá Àgbà bá ti sọ, abẹ gé e.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. Màmá mi tí gbogbo àdúgbò ń fi orúkọ ọmọ yìí pè láti ọjọ́ tó ti bí i, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń fi orúkọ tèmi pè é. Ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Àwọn tó wá kí i á ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọjọ́ kan ló dá ọ̀kan nínú wọn lóhùn: "Omi tí mo gbé rù fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹ̀yin ní ó kàn dànù?" Obìnrin náà sáré kí i pé ó dìgbóṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, màmá mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì ránṣọ mọ́. Á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á gbé ẹsẹ̀ lé e, kò ní tẹ̀ ẹ́. Ó ń rù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyá mi náà ti ń lọ.

Èmi wá ń ka ìwé wọ̀nyẹn lẹ́yìnkùlé. Wàhálà dé! Ìyá kan nínú ilé wa bi mí pé kí ni mò ń kà. Mo ní ìwé nípa bí èèyàn ṣe ń kú ni. Ó fọwọ́ yí orí rẹ̀ ká. "Olúwa má jẹ̀ẹ́! Ikú tí à ń lé lọ, ìwọ ń ka ìwé rẹ̀? Ṣé ò ń pè é padà ni?" Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé etí Bàbá Àgbà. Ó pè mí, ó ní kí n kó ìwé òkú kúrò nínú ilé òun kí òun tó dáná sun ún. Mo kó o, ṣùgbọ́n mo ń kùn lọ pé ibà ló pa ẹ̀gbọ́n mi, ìwé kọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò gbọ́ mi.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo kó wọn lọ, mo tọ́jú wọn sábẹ́ àjákù aṣọ. Màmá mi ń wò mí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó béèrè pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?" Mo sọ fún un pé ọ̀kan jẹ́ ti ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó ní, "Òyìnbó ni? Kà á kí n gbọ́."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sán, tí oòrùn bá ti lé àwọn oníbàárà lọ, mo máa ń fi ojú ka gbólóhùn kan, màá sì fi ẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá. Màmá mi á máa bá obìnrin inú ìwé jà bí ẹni pé ìsọ̀ kejì ló jókòó sí. Ìyẹn ní òun ò lè jẹun. Màmá mi ní, "Níbo làwọn ará ilé rẹ̀ wà? Kò sẹ́ni tó máa fipá bù ú sí i lẹ́nu?" A dé ibi tí obìnrin náà ti ń bá Ọlọ́run bínú. Màmá mi kọ́kọ́ wo ìta bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀, ó wá ní, "Tún ibẹ̀ yẹn kà." Obìnrin náà gbàgbé, ó gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀ fún ọmọ tó ti kú. Màmá mi ní, "Èmi náà ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì." Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, inú ilé kan náà la sì jọ ń gbé.

Lọ́jọ́ kan, mo kà á pé àwọn ọ̀rẹ́ obìnrin náà gbé òdòdó wá kí i. Màmá mi ní, "Òdòdó kẹ̀? Òdòdó lásán? Ṣé ewúrẹ́ ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, láti ojú títì ni mo ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Inú mi dùn, orí mi wú. Gbogbo àdúrà àti ìmọ̀ràn àwọn àgbà ò rí èyí ṣe, èmi ni mo fẹnu mi ṣe é.

Orí wíwú yẹn náà ló sì kó bá mi. Àárọ̀ ni mo máa ń ka tọjọ́ náà sílẹ̀, kí n lè fo ibi tí kò yẹ kó gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé mo ti di ọ̀gá, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin inú ìwé lọ sójú oórì ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń tu koríko ibẹ̀, ó ń fi omi fọ òkúta tó wà lórí oórì náà. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Ẹ̀rọ dúró.

"Ó mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Òun fúnra rẹ̀ ló ń tu koríko ibẹ̀?"

"Òun ni."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ mọ ibi tèmi?"

Ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá sọ ọ́ tí nǹkan kan sì ṣe é, èmi ni mo pa ìyá mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Àgbà ni kí ẹ bi." Ó nawọ́, ó pa ìwé náà dé.

Ó sì bi í lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà ń jẹ orín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi dúró lẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, ọmọ mi. Ta ló ń ro ibẹ̀?"

Orín dúró lẹ́nu bàbá. "Èèwọ̀ ni, ìyàwó."

"Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Mi ò ní kí ẹ mú mi lọ, mi ò ní kí ẹ júwe ọ̀nà. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, mo ti gbà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá igbó ti bò ó ni, Bàbá."

Kò sunkún, kò pariwo. Ìwé mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kà mọ, mo sì bá àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó ní yunifásítì, mi ò rí èyí tó béèrè ìbéèrè tó tó ìyẹn rí. Ìyá mi nìyẹn o! Bàbá Àgbà tún ń jẹ orín rẹ̀ lọ. Sùúrù mi tán. Mo ní, "Igbó ò bò ó. Abẹ́ igi ọsàn ni. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ro ó lóṣù tó kọjá, a sì to òkúta yí i ká."

Màmá mi mí kanlẹ̀. Kò yíjú sí mi. "Òroǹbó ni àbí àgbálùmọ̀?"

"Òroǹbó ni, màmá."

"Ó fẹ́ràn rẹ̀." Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Àgbà bí ẹni pé òun ló dá a lóhùn, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ó wá ku èmi àti bàbá. Ó ní, "Ìwé yẹn ló kọ́ yín ní èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Lọ gbé e wá."

Mo lọ gbé e. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń múra ìjà sílẹ̀. Bó bá ṣáná sí i, ọwọ́ mi á jóná pẹ̀lú ìwé náà, mi ò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé, ó ti lé gbogbo èèyàn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó nawọ́ sí ẹní. "Jókòó. Ibi tí obìnrin yẹn ti ń tu koríko, kà á fún mi."

Mo kà á. Mi ò kàwé dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mi ò sì tíì kà á bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí mo parí, ilẹ̀ ló ń wò.

Ó ní, "Kí wọ́n tó bí ọ, mo ní ọmọbìnrin kan. Òun ni àkọ́bí mi."

Wọ́n bí mi sínú ilé yẹn, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, mi ò gbọ́ ọ rí.

"Àwọn márùn-ún ló gbé e lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ ibẹ̀ fún mi, wọn ò sì sọ. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn kú lọ́dún tó kọjá."

Èmi ẹlẹ́nu mímú, ojú ewé ìwé ni mo kàn ń fọwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Kò sẹ́ni tí mo lè bi mọ́," ó ní. "Tún ibẹ̀ kà."