Jáde Nílé Mi, Sà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ òṣèré ní Amẹ́ríkà, òkú ni mo ṣe. Ibi iṣẹ́ ẹrù ní College Park ni mo ti lọ síbẹ̀ tààrà láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí mo ti fi gbogbo òru kó àpótí sínú ọkọ̀ òfurufú, ojú mi sì ti jìn wọnú bí ojú ẹni tó ń gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Obìnrin tó ń ṣètò wa wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ìwọ, máa bọ̀, o ti ṣetán." Wọn kò tilẹ̀ fi nǹkan kan kùn mí lójú. Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n fi aṣọ funfun bò mí dé àyà, wọ́n ní kí n má ṣe mira. Bẹ́ẹ̀dì náà rọ̀. Ibẹ̀ sì tutù nini. Kí obìnrin tó ṣe opó mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, oorun ti gbé mi lọ. Ohun tó jí mi ni ohùn olùdarí tó ń béèrè pé ta ló ń hanrun.

"Òkú ni," ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ iná dá a lóhùn.

Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí má baà rò pé ìràwọ̀ ni mí. Gbádébọ̀ ni orúkọ mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain, Uncle Débọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Fọlákẹ́ ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń pè mí ní Daddy Tómi, àfi tí inú bá ń bí i. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe ohun tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní background. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ wà nínú àwòrán ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bí ẹ bá sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa, kò sẹ́ni tí yóò rí yín. Mo ti ṣe onítakisí. Mo ti ṣe ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Mo ti ṣe dókítà tó ń gba ẹ̀yìn dókítà kọjá.

Ní ọdún kan, mo fi ìwàǹwára kéde fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé n ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Thursday. Ìdílé mẹ́fà wá sí pálọ̀ wa. Fọlákẹ́ din pọ́fúpọ́fù. A jókòó ti tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí kan gbáko, ohun tó sì jáde nínú gbogbo ara mi ni ìgúnpá ọ̀tún. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mummy Adébísí, olórí àwọn ìyá ìjọ wa, ló gbà mí sílẹ̀.

"Débọ̀, ìgúnpá yẹn dára o," Mummy ní. "Ó jọ ti bàbá ẹ."

Bẹ́ẹ̀ Mummy kò rí bàbá mi rí.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ nígbà tí wọ́n fún mi ní ipa gidi nínú eré orí ìtàgé. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ilé eré kékeré kan láàrin ìlú Atlanta ló fẹ́ ṣe eré tuntun nípa ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ já jù sílẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí bàbá náà darúgbó, ó padà wá, ó ní òun fẹ́ máa bá ọmọ gbé. Èmi ni ọmọ. Ní ìparí apá kìíní, ọmọ yóò dìde, yóò na ìka sí bàbá lójú, yóò sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Jáde nílé mi." Gbólóhùn kan yìí ni gbogbo eré rọ̀ mọ́. Mo gba ìsinmi oṣù méjì níbi iṣẹ́ ẹrù, Fọlákẹ́ sì ń ṣe double shift kí n lè ráyè lọ.

"Daddy Tómi," ó ní, "this time, ojú ẹ ni mo fẹ́ rí o. Ìgúnpá ti tó."

Ẹni tó ṣe bàbá mi ń jẹ́ Harlan, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà láti Douglasville, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó ti pín lẹ́tà káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì sórí ìtàgé. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ sì ń ti ìsàlẹ̀ ikùn jáde wá. Gbogbo wọn ń pè é ní Harlan ṣákálá, títí kan Dana, olùdarí wa, tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Èmi nìkan ni mo ń pè é ní sà. Bí mo ṣe ń kọ èyí pàápàá, "wọ́n" ni ọwọ́ mi fẹ́ kọ dípò "ó". Mo fi "ó" sílẹ̀ kí ẹ má baà rò pé bàbá méjì ni.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán ibẹ̀ wò, mo dìde, mo fa ojú ro, mo na ìka. Mo ní, "Jáde nílé mi, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A tún un ṣe, "sà" tún tẹ̀lé e. A ṣe é ní ìgbà mẹ́fà, ìgbà mẹ́fà ni mo sì fi ọ̀wọ̀ lé bàbá mi jáde.

Ẹ̀bi èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ o. Ká ní Yorùbá ni, ǹ bá ní "Ẹ jáde", ìwà ọmọlúàbí á ti wà nínú "ẹ", ǹ bá sì lè bínú tó bó ṣe wù mí. Gẹ̀ẹ́sì kò fún wa ní irú rẹ̀. "You" tí wọ́n fi ń pe ajá ni wọ́n fi ń pe ọba. Ọ̀wọ̀ tí ìyá mi fi ẹgba kọ́ mi wá ibi sá sí, ó sì kó sínú "sà". Nígbà tí mo sì fi agbára yọ "sà" kúrò, ó sá wọ ara mi. Ọwọ́ mi òsì lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, orúnkún mi rọ̀, ojú mi wálẹ̀, ìka tí mo nà sì bá ojú lọ.

Dana dá wa dúró. "Gbádébọ̀, bàtà rẹ̀ lo ń nà sí. Ṣé o ń lé e ni àbí o fẹ́ ra òmíràn fún un?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Dana pè mí sí kọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Wednesday. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí. Ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n bí gbólóhùn yẹn kò bá jáde bó ṣe yẹ ní Saturday, òun yóò gbé ipa náà fún arọ́pò. Lórí ìtàgé, òṣèré tó bá ní ipa ńlá ní ẹnì kan tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, bóyá àìsàn lè dé. Mo ti rí tèmi níbi tó ti ń dán an wò. Ó ń lé bàbá jáde bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ nídìí èlùbọ́.

Ojú tì mí dé ilé. Mo rí Fọlákẹ́ lórí àga, ó ti bọ́ bàtà iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo rò ó pé mo ti fi ẹsẹ̀ obìnrin yìí dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n lè máa lọ pe àgbàlagbà ní sà ní àárín ìlú. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un.

"Jẹ́ kí Tómi kọ́ ẹ," ó ní. "Àwọn tí wọ́n bí síbí, it's not hard for them."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Tómi, ọmọ wa kan ṣoṣo. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó dúró níwájú mi ní kíṣìnnì, ó na ìka sí mi láàrin ojú méjèèjì, ó ní, "Get out of my house."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Daddy, I'm acting."

"Acting wo? Kúnlẹ̀. Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ mí."

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbà mi," ó ní. Ohùn Yorùbá rẹ̀ kì í dúró síbi tó yẹ, ọkà bàbà ló máa ń pè mí láti kékeré. Fọlákẹ́ di fíríìjì mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó sọ ọ̀rọ̀ tó gbà mí là.

"Ṣé o rí i? Ó sọ ọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́, it's finished. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo máa ń sọ pé ọmọdé tó bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní 'tótó, ó ṣe bí òwe'? Lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá yẹn now."

Ní Saturday, mo dé ṣáájú gbogbo wọn. Harlan nìkan ló wà ní yàrá ìmúra, ó ń mu kọfí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo na gbalaja sílẹ̀, mo fi àyà kan ilẹ̀. Bàbá rò pé mo ti dákú. Kọfí dànù. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ń fi ìka wá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn mi, ó ń pariwo pé kí ẹnì kan pe áńbúláǹsì.

"Kò sóhun tó ṣe mí, sà," mo sọ ọ́ láti ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ó jókòó. Mo ní, "Nílé wa, ọmọdé kì í na ìka sí àgbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lórí ìtàgé, kò ti inú mi wá. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́."

Ó mú ife kọfí rẹ̀ nílẹ̀. "Dìde," ó ní.

"Ẹ kò tíì fún mi láyè, sà."

"Mo fún ọ láyè. Lé mi dáadáa."

Mo lé e. Ìka mi dúró síbi tí mo nà án sí, ojú mi wà nínú ojú rẹ̀, gbólóhùn náà sì jáde láìsí ìrù nídìí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù nínú eré náà, Dana ní láti fi ìwé lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò gba ipa lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà, n kì í gun orí ìtàgé láìkọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Harlan. Àwọn mìíràn máa ń fi omi gbígbóná fọ ọ̀fun, èmi ń fi àyà gbálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tí a ṣí eré náà, Fọlákẹ́ kó àwọn ìyá ìjọ wá, wọ́n jókòó ní ìlà kẹta. Bí mo ṣe ní "Jáde nílé mi" báyìí, mo gbọ́ ohùn Mummy Adébísí ketekete nínú òkùnkùn pé, "Háà, Débọ̀. Bàbá arúgbó." Àwọn òǹwòran rò pé ara eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a parí, Mummy wá ẹ̀yìn ìtàgé fúnra rẹ̀, ó di ọwọ́ Harlan mú. "Abeg sir, no vex," ó ní. "We train am well. Na work."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo dọ̀bálẹ̀ bí ìṣe mi, Harlan kò sì ní kí n dìde. Mo ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ohun tí o ń ṣe yìí, ṣé bàbá lè ṣe é fún ọmọ?"

Mo gbé orí sókè. Ó sọ fún mi pé ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, òun sọ gbólóhùn tí mò ń sọ fún òun yìí fún ọmọ òun ọkùnrin, ní ilé òun ní Douglasville. Kì í ṣe eré. Ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Kò jìnnà, ogún ìṣẹ́jú ni pẹ̀lú mọ́tò. Òun a máa wakọ̀ gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, òun kì í dúró.

"Kọ́ mi," ó ní. "Mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀. "Nílé wa, bàbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, sà. Èèwọ̀ ni. Ẹ ó kàn dẹ́rù bà á ni."

"Kí wá ni bàbá máa ń ṣe, bí òun ló bá ṣẹ̀?"

Mo ronú kan bàbá mi. Ó nà mí nígbà kan lórí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Nígbà tí òtítọ́ jáde, kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, ó pè mí, ó gbé ẹran orí àwo tirẹ̀ sí tèmi, ó sì ń bá oúnjẹ lọ. Mo sunkún sínú ọbẹ̀ ọjọ́ náà.

"Ó máa ń pè é wá jẹun, sà."

Harlan rò ó. "Kí ni kí n sè?"

"Ohun tó fẹ́ràn."

"Makaróní oní-ṣíìsì tí ìyá rẹ̀ máa ń sè. Ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi kò mọ̀ ọ́n sè."

"Ẹ ṣáà sè é bẹ́ẹ̀, sà."

A parí eré náà ní ọjọ́ Sunday. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ti padà sáàárín àpótí ní College Park nígbà tí fóònù mi dún. Harlan ni. Kò kí mi. Ó ní ìsàlẹ̀ makaróní náà jóná.

"Ṣé ó wá, sà?"

"Ó wá."

Mo dúró. Ọ̀gá wa ń fọwọ́ pè mí láti òkèèrè, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀," Harlan ní. "Ó jẹ ẹ́ tán. Ó wá na àwo sí mi, kí n tún bù sí i."