Ẹni Tí Mo Dá Lóhùn Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹnìkan pè mí ní Àjọkẹ́ lónìí, mo sì dáhùn.

Èmi àti Mọ́mì wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní Deptford. Mo ń wo òdòdó aláwọ̀ wúrà tí wọ́n gbẹ́ sí àjà nígbà tí mo gbọ́ ìpè náà lẹ́yìn òpó. Mọ́mì nìkan ló ń fi oríkì pè mí ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Mà?"

Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn òpó. Ìta ni mo ti bá Mọ́mì.

"Mà, ẹ pè mí?"

"Èmi kọ́. Ṣé o dáhùn?"

"Mo dáhùn."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú títí a fi délé.

Gbogbo wa ni wọ́n kìlọ̀ fún pé ká má jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Ta ni nínú yín tí wọ́n sọ ohun tí à ń ṣe fún, tí a bá ti jẹ́ ẹ?