Àgò Adìẹ Kò Gba Òjòlá

Ọmọ ọlọ tí a gbé lé àgò adìẹ ni mo kọ́kọ́ rí nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìkàrẹ́. Àgò ti ṣubú. Òjòlá tí àbúrò ọkọ mi ń sìn nínú rẹ̀ ti jáde. Mo sáré gbé ọmọ mi jòjòló lórí ẹní.

Ẹ̀yìn àmù ni a ti rí òjòlá náà, ó ká jọ síbi tó tutù.

Àbúrò ọkọ mi ní, “Ìyàwó wa, ojo yín ti pọ̀ jù. N ó gbé ìyá ọlọ lé e.”

“Ọkọ mi, adìẹ kì í ti àgò. Eléyìí ń tì í. Ilé onírin ni kí ẹ ṣe fún un.”

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn mi ni ọmọ ń sùn sí, títí wẹ́dà kan tó padà gbé iṣẹ́ náà fún fi gbé ilé onírin dé láti Ọ̀kà. Mo mi ilẹ̀kùn rẹ̀ títí, kò yẹ̀. Nígbà náà ni mo tó sọ ọmọ kalẹ̀.