Ọmọ Ajá Mi àti Ẹní Baba Onílé

Nígbà tí àrùn dìgbòlugi wọ Kàbà, àwọn dógarì, ìyẹn ọlọ́pàá ọba, ń pa ajá tí wọ́n bá rí níta. Mo gé ẹní àtijọ́ kan, mo tẹ́ ẹ sí igun yàrá, mo sì kọ́ ọmọ ajá mi láti máa tọ̀ sórí rẹ̀. Ó tètè mọ̀ ọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, baba onílé mi tẹ́ ẹní ìrun rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ajá yọ jáde, ó ń gbóòórùn ẹní náà, ó ń yí i po. Bó bá tọ̀ síbẹ̀, baba á lé e síta, àwọn dógarì á sì pa á. Mo sáré gbé e mọ́ra. Ó tọ̀ sí mi láyà.

Baba dé. “Tísà, kí ló mú aṣọ rẹ tutù?”

“Ẹ má bínú, Baba. Orí ẹní ni mo ti kọ́ ajá yìí láti máa tọ̀.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Gbogbo ìwé tó o kà yìí! Ṣé o sọ fún un pé ẹní tìrẹ nìkan ni?”

Mo fi àwo eérú rọ́pò ẹní náà. Ajá ń lò ó, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ dájú pé ó ti gbàgbé ẹní. Bí àkókò ìrun bá tó, mo máa ń di ajá náà mú títí baba yóò fi ká ẹní tirẹ̀.