Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Gun Òkè Àdàbà

Òórùn irun àgbò tí iná ń jó ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì Iléyá ọdún yẹn. Àwọn ọkùnrin abà wa ti dáná sábẹ́ igi ìṣin, wọ́n ń sun orí àti ẹsẹ̀ àgbò tá a pa lánàá, èéfín náà sì bá mi dé orí ẹní tí mo sùn lé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà lápá Lálúpọn mọ òórùn tí mò ń wí. Lọ́jọ́ mìíràn, òórùn yẹn nìkan ti tó kí n fò dìde kí n lọ máa yí ẹni tó bá mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ká. Lọ́jọ́ yẹn, mo wé mọ́ aṣọ ìbora, mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Òun ni ọjọ́ tí gbogbo ilé máa mọ̀ bóyá èmi àti ìyá mi á tún jọ máa gbé.

Ìlú ni gbogbo wa ń lọ nígbà Iléyá. Àwa ará oko á palẹ̀ mọ́, a ó gba Olódò wọ Ìbàdàn, ká lè bá àwọn ẹbí kírun Yídì. Lọ́dún yẹn, ẹsẹ̀ ìyá mi ni ò jẹ́ ká lè lọ. Sòbìà ló mú wọn lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sòbìà láyé ìgbà yẹn: bó bá ti yọrí, a ó so ó mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi òrí ra ojú egbò, a ó máa ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni ń ká òwú. A kì í kánjú sí i. Ìyá Òjé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló wá láti ìlú láti tọ́jú ìyá mi, Ìyá Òjé sì kánjú. Igbe tí ìyá mi ń ké lóru ló ṣe wọ́n láàánú, wọ́n fẹ́ kí ìrora náà tán, ni wọ́n bá fà á. Sòbìà já sínú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wú, ó kẹ̀, nígbà tó sì jinná, orúnkún ò nà tán mọ́.

Ìyá mi ò fìgbà kan dárúkọ ọ̀rọ̀ náà sí wọn. Ìyá Òjé gan-an ni ò lè gbàgbé. Wọn ò bímọ, ọwọ́ wọn sì dùn lára ọmọ. N ò lè purọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí àwọn àti àgbà agboolé wá bá wa ṣọdún lóko, wọ́n dúró títí a fi jẹun tán, wọ́n wá sọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn.

"Àbẹ̀ní," ni wọ́n wí fún ìyá mi, "ẹsẹ̀ rẹ ò gbé ọ dódò mọ́. Ta ní ń pọnmi? Ta ní ń ṣẹ́gi? Sífáwù ni, ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Jẹ́ kí n mú un lọ sí Òjé kí n lọ tọ́ ọ."

Àwọn àgbà mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni, nítorí ọmọ ẹbí ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí nígbà náà, a kì í sì í bi ọmọ léèrè. Bàbá mi sorí kodò. Ẹ̀gbọ́n wọn ló ń sọ̀rọ̀, àbúrò wo ló máa yanu? Èmi wà lẹ́yìn ìyá mi, mo di etí aṣọ wọn mú.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Bí nǹkan bá le, ohùn wọn á túbọ̀ rẹlẹ̀ sí i ni. "Ẹ fún mi ní ọ̀la, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ gun Òkè Àdàbà tí à ń wò láti ojúde yìí. Bí mo bá dé orí àpáta, tí mo sì fi ara mi sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé mi, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi. Bí wọ́n bá gbé mi, kí ẹ máa mú un lọ."

Bàbá àgbà kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí lèèyàn ń lọ wá lórí òkè lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí kò sóko níbẹ̀, tí kò sọ́jà. "Ọmọ mi ni mo ń lọ wá," ni ìyá mi fèsì. Ìyá Òjé wò wọ́n títí. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á jókòó lójúde, àwọn á máa wo orí àpáta.

Bá a ṣe jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, bàbá mi, ìyá mi, àti èmi tí mo ru akèrègbè omi. Ẹ̀kọ àti ẹran díndín wà nínú àpò bàbá mi, àdá sì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí ìgbà ogun ni, èèyàn kì í rìn nígbó lọ́wọ́ òfo. Ẹ sì mọ bí tọkọtaya ṣe ń rìn lọ́nà oko: ọkọ á ṣáájú, ìyàwó á tẹ̀ lé e. Bàbá mi dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ní kí ìyá mi máa lọ níwájú. Wọn ò fẹ́ kí ìyá mi máa sáré bá ẹsẹ̀ ẹlòmíì. A pàdé àwọn ará abúlé kejì tí wọ́n ń lọ kí ènìyàn kú ọdún, ọ̀kan nínú wọn sì fi bàbá mi ṣẹ̀sín: "Bàbá Sífáwù, ṣé ìyàwó ló wá ń mú yín roko?"

"Ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn ló ń pinnu bí ìrìn ṣe máa yá," ni bàbá mi wí, wọn ò sì dúró.

Ìdí òkè náà kún fún ọ̀pẹ àti ìtàkùn, ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ ń yọ̀. Ìyá mi á fi ọ̀pá tìlẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ rere, wọ́n á wá wọ́ èyí tó yarọ tẹ̀ lé e. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ni wọ́n ń tún wí lábẹ́ èémí. Nígbà tá a bọ́ sórí àpáta gbalasa, oòrùn ti mú, òkúta ń jó àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá mi gbójú sókè wo ọ̀nà tó kù, mo rí i pé ojú wọn yí padà. Bàbá mi rí i náà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ìyá mi sọ ojú kalẹ̀, wọn ò sì wòkè mọ́ títí a fi dé orí rẹ̀.

Orí àpáta dùn. Atẹ́gùn fẹ́ sí wa, a rí èéfín abà káàkiri. Ìyá mi tú ìborùn funfun orí wọn, wọ́n ń jù ú fìrìfìrì sí apá ilé wa. A jókòó jẹ ẹ̀kọ. Bàbá mi ní láti ọjọ́ táwọn ti fẹ́ra, àwọn méjèèjì ò tíì jọ rìn báyìí rí, ọ̀kan lọ́jà, ọ̀kan lóko. Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹ ò pè mí." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí, bí ọmọdé méjì tó sá kúrò nílé.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló wá fẹ́ bà á jẹ́. Orúnkún ìyá mi yẹ̀ lójú àpáta, wọ́n ṣubú, nígbà tí wọ́n sì gbìyànjú àtidìde, ẹsẹ̀ náà kọ̀. Wọ́n tún gbìyànjú, ó tún kọ̀. Mo bú sẹ́kún. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ìyá mi, wọ́n yí ẹ̀yìn sí wọn. "Gùn mí lẹ́yìn," ni wọ́n wí. "Igbó ló pọ̀ nísàlẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń wò wá. Tá a bá sún mọ́lé, mà á sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ọmọ yìí ń wò," ni ìyá mi wí. "Irọ́ la ó fi gbà á, òun náà á sì mọ̀."

Bàbá mi dìde. Ìyá mi di aṣọ wọn le, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àpáta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú díẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀pá dìde. Bàbá mi ń rìn lẹ́yìn, wọ́n na ọwọ́ síta bí ẹni fẹ́ gba nǹkan tó fẹ́ já bọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan ìyá mi.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tá a délé. Ìdí aṣọ ìyá mi ti ya, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Òjé ò bi ìyá mi, wọn ò bi bàbá mi. Èmi ni wọ́n pè. "Sífáwù, ṣé wọ́n gbé ìyá rẹ?"

"Wọn ò gbé wọn, Ìyá. Ìdí ni wọ́n fi wọ́."

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Òjé nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n bu omi gbígbóná wá, wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò wọn, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ náà. Ìyá mi fẹ́ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn nítorí ìtìjú, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé kí wọ́n mú mi lọ.

Gbogbo wọn ti lọ, Ọlọ́run ṣàánú wọn. Èmi ni mo wá di ìyá àgbà nílé Ìbàdàn. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin dùbúlẹ̀ àìsàn lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n mú àkọ́bí rẹ̀ tó ti ń rìn wá, ọmọ náà sì mọ́ mi lára débi pé bí mo bá jí lóru, àyà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ wá. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi rìn láti oko wá, ó rù, ó ń fọwọ́ di ògiri mú. Ó ní òun wá mú ọmọ òun. Ẹnu mi ti là láti wí pé ara rẹ̀ ò tíì le tó. Nígbà èwe mi, mo rò pé Ìyá Òjé fẹ́ fi ipá gbà mí ni. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń dunni nìyí.

Mo pa ẹnu dé. Mo di ẹrù ọmọ náà, mo sì sìn wọ́n dé bodè. Ọmọ náà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń fò sókè bí ó ti ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo fẹ́ bínú, mo wá rántí pé èmi náà ò sin Ìyá Òjé dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sílùú láìmú mi dání. Inú mi dùn débi pé mi ò tiẹ̀ rí wọn.