Ẹni Tó Kẹ́yìn Lórí Òkè

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ṣéènì kẹ̀kẹ́ nínú ìkòkò ọbẹ̀, mo rò pé ìyàwó mi fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀ ni. Ebi ń pa mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé, nǹkan sì ń hó lórí iná. Mo ṣí ìdérí, mo bá ṣéènì tó ká jọ bí ejò nínú àbẹ́là yíyọ́. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní kí n rọra dé e padà, pé eruku ò gbọdọ̀ bọ́ sí i.

"Oúnjẹ mi ńkọ́?"

"Ó wà nínú fìríìjì. Ti kẹ̀kẹ́ ló ń kánjú."

Télọ̀ ni mí. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń tẹ máṣíìnì, mo sì mọ̀ pé irin tí a kò bá tọ́jú, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù ló máa ń dá ẹni tó ni ín dúró. Ṣùgbọ́n òróró ni mo mọ̀ pé wọ́n ń fún irin, n kò mọ̀ pé wọ́n ń sè é. Ó ṣàlàyé fún mi pé òróró a máa kó iyanrìn mọ́ra lórí òkè, pé bí àbẹ́là bá wọnú ṣéènì tó sì gbẹ, eruku ò ní rí ibi dì mọ́. Mo gbọ́. Mo ra ìkòkò mìíràn, mo sì fi ọ̀dà pupa kọ "Ọbẹ̀" sí i lára gàdàgbà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á bẹ́ sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló wà. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọmọ wa ti kúrò nílé tán tí inú ilé wá dákẹ́ jù, ó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, irú èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó sì ní eyín, ó lọ darapọ̀ mọ́ àwọn kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá. Ó ní ara òun kò yá tó báyìí rí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọn lọ, túbù rẹ̀ jò ní ìdajì òkè. Àwọn yòókù ti lọ. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sí òdì kejì, wọ́n ti jókòó ti oúnjẹ, kí ẹnìkan tó béèrè pé obìnrin tuntun yẹn dà. Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó lórí àpáta, nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ túbù. Nígbà tó délé, kò sunkún, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ra páǹpù, ó ra gọ́ọ̀mù àti àwọn rọ́bà pélébé tí wọ́n fi ń lẹ túbù, ó wá jókòó ní pálọ̀ wa lọ́sẹ̀ méjì, ó ń fi abẹ́rẹ́ mi lu túbù, ó sì ń lẹ ẹ́, títí ó fi lè ṣe é láì wò ó. Abẹ́rẹ́ mi mẹ́rin ló bá a lọ. Nígbà tí wọ́n tún jáde, ó sọ fún wọn pé láti ọjọ́ náà lọ, òun ni òun máa wà lẹ́yìn. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó wà lẹ́yìn kì í kọjá ẹnikẹ́ni. Bí o bá dúró, á dúró. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ bá bà jẹ́, á tún un ṣe, á sì ní, "Máa lọ níwájú, mo wà lẹ́yìn rẹ." Bó ṣe di Màmá Ẹ̀yìn nìyẹn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n wa ọkọ̀ gba ọ̀nà mọ́tò lọ sórí òkè, kí n gbé omi àti oúnjẹ dání, kí n sì máa retí wọn. Ọdún méjìlá ni mo fi ṣe é. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mẹ́jọ á yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọn á mu omi, wọn á sì gbàgbé wàhálà. Èmi ò ní gbàgbé. Ojú mi á wà lójú ọ̀nà títí màá fi rí akoto funfun tirẹ̀ tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú koríko. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, á fi ìka ka gbogbo wọn, á ka ara rẹ̀ mọ́ wọn.

"Mẹ́sàn-án. A pé."

"O pẹ́ kí o tó dé," ni màá wí.

"Ẹni tó kẹ́yìn ló mọ̀ pé kò ku ẹnikẹ́ni." Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń gba omi lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún yìí ni orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Dókítà wò ó, ó ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú títí yóò fi dàgbà dàgbà, ṣùgbọ́n kó dágbére fún òkè. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ẹ̀kan sí i. Dókítà yọ̀ǹda ẹ̀ẹ̀kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìgòkè àṣekẹ́yìn náà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín gíà, èmi sì ń rán àpò àsomọ́dìí tuntun fún un, èyí tó máa ń kó sípáánà àti túbù sí.

"Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí," ó sọ bẹ́ẹ̀ láì gbójú sókè.

"Orúnkún?"

"Rárá o. Láti ọdún méjìlá, ipa táyà ẹlòmíràn ni mò ń wò nílẹ̀. Mo mọ ti Dókítà Eyín, mo mọ ti Káfíńtà tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán, mo mọ bí Apòògùn ṣe máa ń rìn gbẹ̀ẹ̀rẹ̀gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ó kàn wù mí kí n rí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí kẹ̀kẹ́ kankan ò tíì tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Ó fọn omi sí búrọ́ọ̀ṣì. "Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ọdún méjìlá ni mo fi ń retí obìnrin yìí lórí òkè, n kò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni òun náà ń rí.

Mo lọ bá Dókítà Eyín, ọkùnrin tó ń yọ eyín fún gbogbo àdúgbò wa, tó sì jẹ́ alága wọn. Ó pe àwọn yòókù láì jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́, a sì gbìmọ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ti ń gòkè, oníkálùkù á ṣe bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ òun bà jẹ́, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kí ó máa lọ. Nígbà tí gbogbo wọn bá fi máa dúró tán, òun nìkan ló kù níwájú. A rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé. Oníṣègùn eyín wà níbẹ̀, apòògùn wà níbẹ̀, tísà ìṣirò wà níbẹ̀, èmi tí mo dàgbà jù wọ́n lọ náà wà níbẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó rántí ohun tí Màmá Ẹ̀yìn máa ń ṣe bó bá rí kẹ̀kẹ́ tó bà jẹ́.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo dé orí òkè, ojú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òdì kejì mọ́ tónítóní, ewé kan ṣoṣo ló bọ́ sí i. Mo gbé omi jáde. Mo tún kọ́là mi ṣe. Mo wá tẹjú mọ́ ọ̀nà, mò ń retí akoto funfun.

Dókítà Eyín ló kọ́kọ́ yọ, ó dorí kodò.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Mo yọ ṣéènì mi kúrò bí a ṣe sọ," ni ó wí. "Kí n tó lanu, ó ti fi í padà, ó sì ní kí n máa lọ níwájú."

Káfíńtà tẹ̀ lé e. Òun tú afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ dànù. Ìyàwó mi bá a fa páǹpù, ó sì rí ẹ̀gún kan lára táyà náà tí onítọ̀hún ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó bá a yọ ọ́. Apòògùn ní tirẹ̀ tú síìtì rẹ̀. Ìyàwó mi fún un le, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sì ní láti èṣí ló ti ń jókòó lábẹ́ jù. "Ìbàdí mi ò dùn mí mọ́ rárá," ni Apòògùn wí, ojú tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń dé, kẹ̀kẹ́ oníkálùkù dára ju bó ṣe gbé e kúrò nílé lọ.

Tísà ló kẹ́yìn wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin sìgbọnlẹ̀. Nígbà tó rí i pé àìsàn kẹ̀kẹ́ kò ràn wá lọ́wọ́, ó ṣubú sínú koríko, ó di ojúgun òsì mú, ó ní iṣan ló fà á. Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún! Ó dá a dùbúlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì wọ́ iṣan náà títí ìrora tí kò sí tẹ́lẹ̀ fi dé lóòótọ́. Wọ́n jọ yọ, Tísà ń tiro, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, akoto funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàwó mi fi ìka kà wá. "Mẹ́sàn-án. A pé." Mo na omi sí i láì sọ tèmi. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ta ló máa jẹ́wọ́?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ọ̀rẹ́ dà? Mo jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀rín wá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó di orúnkún mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, Apòògùn náà jókòó tì í, ni gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ó nu ojú.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti lọ, ta ni ì bá wà lẹ́yìn?"

Káfíńtà bojú wẹ̀yìn.

"Bí ẹ̀yìn bá ṣófo, ẹ̀yìn náà ni màá máa wò. Kí ni mo fẹ́ rí níwájú nígbà náà?"

Mo wo kẹ̀kẹ́ Tísà tó fara ti ọkọ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọṣẹ́ tó ń gbé aṣọ kiri fún ọ̀gá mi, n kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Èmi ni màá wà lẹ́yìn."

"Bàbá wọn, ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Tísà á wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn ún, ọkọ̀ wa tó ń yí gíà fúnra rẹ̀ kò sì béèrè ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó dúró níwájú mi bí ẹni tó ń gba nọ́ọ̀sì tuntun síṣẹ́. "Kí ni òfin ẹ̀yìn?"

"Kì í kọjá ẹnikẹ́ni."

"Bí ẹnìkan bá dúró?"

"Mo dúró."

"Bí túbù bá jò?"

"Màá lẹ ẹ́. Télọ̀ ni mí, ogójì ọdún ni mo fi ń so nǹkan mọ́ nǹkan."

Ó tú àpò tí mo rán kúrò ní ìdí rẹ̀, ó so ó mọ́ mi nídìí, ó fà á wò bóyá ó le. Ó lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́wọ́ sókè, ó sì lọ. A gbọ́ igbe rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, igbe ayọ̀ lásán, kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Àwọn yòókù dúró kó jìnnà dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ lé e. Èmi kẹ́yìn. Ojú mi rí màbo. Akoto Tísà ń bò mí lójú, mo fún bíréèkì títí ìka mi fi kú tipiri, ibi tí kò bá tẹ́jú, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tì í. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni mo wo ilẹ̀. Ipa táyà àwọn tó kù wà lápá ọ̀tún, ó wà lápá òsì, nínú koríko gan-an. Ọ̀kan ṣoṣo ló gba àárín, ti ìyàwó mi ni, ó ń lọ lórí ilẹ̀ tútù títí dé ibi tí ojú mi lè rí i dé. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró, mo sunkún díẹ̀, mo sì ti kẹ̀kẹ́ mi sínú koríko.

Ní kọ̀rọ̀ kan, mo bá Káfíńtà tó jókòó sílẹ̀. "Bàbá, túbù mi ti jò," ni ó wí. "Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí." Ẹ̀gún kejì ni. A jọ lẹ ẹ́, ó pẹ́ wa, rọ́bà náà wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ dúró.

"Máa lọ níwájú," mo wí, "mo wà lẹ́yìn rẹ." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Orí afárá tó wà nísàlẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń retí wa. Mo rí i láti òkèèrè. Kò jókòó bí àwọn yòókù, ó na ọrùn, ó fi ọwọ́ kan bo ojú nítorí oòrùn, ife omi wà ní ọwọ́ kejì. Káfíńtà kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyàwó mi ní, "Mẹ́jọ," kò sì gbé ojú kúrò lọ́nà. Nígbà tí mo dé, ó di kẹ̀kẹ́ mú fún mi kí n lè sọ̀ kalẹ̀.

"Mẹ́sàn-án. A pé." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."

"Ẹni tó kẹ́yìn," mo wí, "ló mọ̀ pé kò ku ẹnikẹ́ni."

Ó gbé omi náà fún mi, mo sì mu ún tán.